Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà Fractal: Láti Orí Ìwé Ìṣirò Dé Ojú Kọ̀ǹpútà Inú Ilé

Fractal ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fún ìrísí tí ó jẹ́ pé, bí a bá fẹ apá kékeré kan nínú rẹ̀ lójú, irú àrà tó wà lára odindi rẹ̀ ni a óò tún bá níbẹ̀, bí a sì ṣe ń sún mọ́ ọn tó ni àrà náà ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà fractal kì í fi ọwọ́ yàwòrán; ó ń fi kọ̀ǹpútà wá inú ìrísí bẹ́ẹ̀ kiri, ó ń yan ibi tó wù ú, ó sì ń pinnu àwọ̀ tí ibẹ̀ yóò gbé wọ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n bí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ṣe ìgbafẹ́ ojoojúmọ́ nínú ilé wọn ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ó sì yẹ kí a kọ ìtàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Gaston Julia, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Algeria ní 1893, pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun ní 1915, awọ ni ó sì fi ń bo ojú ọgbẹ́ náà títí ó fi kú ní 1978. Ní 1918 ó tẹ ìwé olójú-ewé 199 jáde lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ṣe ìṣirò kan, tí a mú èsì rẹ̀, tí a sì tún fi èsì náà ṣe ìṣirò kan náà láìdáwọ́ dúró. Pierre Fatou, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, ń ṣe irú ìwádìí kan náà lákòókò yẹn. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìrísí tí ìṣirò wọn ń bí lọ́jú pọ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí ó lè yà á fún wọn, iṣẹ́ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Benoit Mandelbrot ni ó jí i dìde. Ní 1924 ni wọ́n bí i ní Warsaw, ilẹ̀ Faransé ni ó ti dàgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ní 1958, níbi tí kọ̀ǹpútà ti wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òun ni ó dá ọ̀rọ̀ náà, fractal, sílẹ̀ ní 1975, ní 1980 sì ni ó rí àwòrán tí a fi ń rántí rẹ̀ jù lọ. Kí a má baà fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni, Robert Brooks àti Peter Matelski ti ya irú rẹ̀ ní 1978, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ìràwọ̀ lásán ni kọ̀ǹpútà fi tò ó sórí ìwé. Adrien Douady àti John Hubbard, tí wọ́n ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ìrísí náà, ni wọ́n fi orúkọ Mandelbrot pè é.

Ìlànà tó wà nídìí rẹ̀ kúrú débi pé ó yani lẹ́nu. A óò yan nọ́ńbà kan, a óò bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. A óò sọ èsì tó wà lọ́wọ́ wa di ìlọ́po ara rẹ̀, a óò fi nọ́ńbà tí a yàn kún un, a óò sì máa tún un ṣe. Bí a bá yan 1, ohun tí yóò máa jáde ni 1, 2, 5, 26, 677, tí yóò sì máa ga lọ láìlópin. Bí a bá yan -1, kò ní kọjá -1 àti 0 tí yóò máa gbapò lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn nọ́ńbà tí a ń lò níhìn-ín ní apá méjì, ọ̀kan fún ìbú, ọ̀kan fún òró, nítorí náà nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní ojú kan pàtó lórí àwòrán. Èyí tí kò sá lọ ni wọ́n sábà máa ń kùn ní dúdú. Èyí tí èsì rẹ̀ bá sì ti jìnnà sí òdo ju 2 lọ ti sá lọ nìyẹn, iye ìgbà tí a ṣe ìṣirò kí ó tó sá ni yóò sọ àwọ̀ tó tọ́ sí i. Ààlà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni gbogbo ẹwà náà kó sí.

Ní 1985, ìwé ìròyìn Scientific American gbé àwòrán yìí sí iwájú ìwé rẹ̀ ti oṣù kẹjọ, A. K. Dewdney sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí ènìyàn ṣe lè yà á nílé. Láàárín ọdún kan náà, Heinz-Otto Peitgen, Peter Richter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bremen, ní ilẹ̀ Jámánì, kó àwòrán tiwọn lọ sí ibi ìpàtẹ. Ìfà ni èyí jẹ́ fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé, àmọ́ àwòrán kan ṣoṣo lè gba ẹ̀rọ ìgbà náà ní odindi òru kan. Fractint, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn olùyọ̀ǹda bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàkiri ní 1988, ni ó wá yanjú rẹ̀. Ẹ̀yà tó ń tètè ṣe ìṣirò nọ́ńbà onídẹ́símà kò sí nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà nígbà náà, wọ́n sì ń tà á lọ́tọ̀ ní owó ńlá. Fractint sọ ìṣirò náà di ti odidi nọ́ńbà, ó sì yára. Ohun mìíràn tó ṣe tún lágbára ju èyí lọ: ó lè kọ ibi tí a dé, ìlànà tí a lò àti àwọ̀ tí a yàn sínú ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀, tí ẹlòmíràn yóò fi ya àwòrán kan náà lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí yóò sì ti ibẹ̀ tẹ̀ síwájú. Bí ó ṣe di àṣà nìyẹn fún àwọn kan láti máa wá ibi tuntun kan lójoojúmọ́, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ìrísí mìíràn tẹ̀ lé e. Scott Draves gbé oríṣi tó dà bí ọwọ́ iná kalẹ̀ ní 1992. Ní 2009, Daniel White àti Paul Nylander rí Mandelbulb, èyí tó ní ìbú, òró àti jíjìn. Ní 2013, K. I. Martin fi hàn pé a lè fi nọ́ńbà gígùn ṣe ìṣirò ojú kan ṣoṣo, kí a sì fi ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn yòókù wá àwọn wọ̀nyí, ọ̀nà yìí sì jẹ́ kí ènìyàn lè wọ ibi jíjìn tí agbára ẹ̀rọ kò gbé tẹ́lẹ̀.

Àrà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní kékeré àti ní ńlá kò ṣàjèjì sí Áfíríkà: Ron Eglash, nínú ìwé rẹ̀ African Fractals ti 1999, rí i nínú ìtò ilé, nínú aṣọ àti nínú irun dídì. Àwọn onídìrí Yorùbá kò nílò kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó mọ bí ẹsẹ̀ irun ṣe ń tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí sanra bí ó ti ń lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní láti ra ohunkóhun, nítorí ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ètò tó dára, Mandelbulber sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Kí ó kọ́kọ́ lọ sí ojú -0.75 ní ìbú àti 0.1 ní òró lórí ìrísí Mandelbrot, kí ó fẹ̀ ẹ́ lójú, kí ó sì yan àwọ̀ tirẹ̀.