Ifá Dídá àti Ìjọ Kristi ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, èyí li ó mú kí babaláwo máa dá Ifá li ọrọọrún. Nínú òwe yìí li a ti rí ìdí gbogbo iṣẹ́ wíwò: ìbẹ̀rù ọ̀la. Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a wo ohun tí Ìjọ ti ṣe sí ọ̀ràn yìí láti ìgbà tí ìhìnrere ti dé ilẹ̀ wa.

Li àtijọ́, a kì í fi ọmọ fún ọkọ, a kì í jagun, a kì í sì í fi ọba jẹ láì bi Ifá. Bí a bá bí ọmọ, a ó lọ bá babaláwo kí a lè mọ irú ẹsẹ̀ tí ó fi wá sí ayé. Babaláwo a fi ikin 16 pa Ifá, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n. Tàbí kí ó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá yọ nínú odù 256, ẹsẹ rẹ̀ li yóò kì, ẹni tí ó wá wò yóò sì gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Iṣẹ́ ọ̀lẹ kọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún li ọmọ awo fi ń kọ́ ọ.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ li a ti bí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ní Òṣogùn. A rí i kà nínú ìtàn ayé rẹ̀ pé nígbà tí ó wà li ọmọdé, Ifá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọn má ṣe fi í fún òrìṣà kankan, nítorí Ọlọ́run tìkára rẹ̀ li yóò sìn. Li ọdún 1821 li a kó o lẹ́rú. Li ọdún 1846 òun àti Townsend dé Abẹ́òkúta láti wàásù. Li ọdún 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. A kò sọ èyí láti fi yin babaláwo, bí kò ṣe láti fi hàn pé ilé tí a ti ń bi Ifá li àwọn àgbà Ìjọ wa ti jáde wá.

Síbẹ̀, ẹ̀gàn ni púpọ̀ nínú àwọn oníwàásù ìṣáájú fi ko Ifá lójú. Wọ́n ka ìwé Deutarónómì orí 18 sí àwọn ènìà létí, wọ́n sì sọ pé èkùrọ́ lásán ni ikin. Òtítọ́ ni pé Ìwé Mímọ́ kọ àfọ̀ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi baba rẹ̀ ṣẹ̀sín kì í dúró gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀.

Emmanuel Moses Lijadu, tí ó ṣe iṣẹ́ ìhìnrere li Oǹdó, gba ọ̀nà mìíràn. Ó fetí sílẹ̀ sí àwọn babaláwo, ó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀, ó sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n ìhìnrere nínú ìwé tí ó tẹ̀ li ọdún 1898 àti 1908. James Johnson, tí ó di igbákejì bíṣọ́ọ̀bù li ọdún 1900, náà kọ̀wé lórí ẹ̀sìn àwọn baba wa li ọdún 1899. Kò sí ẹni tí ó di ọmọ awo nínú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jiyàn.

Ìjọba pẹ̀lú dá sí i: òfin ìwà ọ̀daràn ti ọdún 1916 ka wíwò fún ènìà mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Òfin kò lè pa ìbẹ̀rù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ńlá dé li ọdún 1918, àwọn kan nínú Ìjọ Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde pé jọ fún àdúrà. Li ọdún 1925, Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ li Èkó. Láàrin àwọn ìjọ aládùúrà, aríran wà tí í sọ ohun tí ó rí fún ènìà. Ìbéèrè tí a ń gbé lọ sí ẹsẹ̀ ọpọ́n kò kú. Ilé mìíràn li ó yà sí.

Li ọdún 2005, àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn ohun ìṣúra gbogbo ayé. Nítorí náà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa yóò máa gbọ́ ìyìn Ifá níta, yóò sì máa gbọ́ ẹ̀gàn rẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Kí li olùkọ́ yóò wí fún un?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 16. Ọmọbìnrin kan wà ní Fílípì tí ó ní ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ, àwọn olúwa rẹ̀ sì ń fi í jèrè. Ẹ̀mí náà li Pọ́ọ̀lù bá wí, kì í ṣe ọmọ náà. Ọmọ náà li ó gbà sílẹ̀. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, tí ó sì fi òru bojú lọ sọ́dọ̀ aláfọ̀ṣẹ, kì í ṣe ọ̀tá Ìjọ. Ẹ̀rù li ó ń bà á. Bí a bá lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà kan láì bá a jókòó, láì bá a gbàdúrà, láì bá a gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, ọ̀nà tí ó mọ̀ náà li yóò tún gbà padà.