Olórí Tó Ṣe É Fọkàn Tán

Ẹ̀yin ará wa ní Dublin, ọ̀pọ̀ ilé ní Ireland ló gbé àwòrán John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Póòpù. Àtọmọdọ́mọ àwọn tí ó ṣí kúrò nílẹ̀ yìí lọ sí Boston ni. Ní oṣù kẹfà 1963 ó wá bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ ní Leinster House níbí.

Ní oṣù yẹn kan náà ló gbé àbá òfin kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ bíi ti ẹlòmíràn. Ó mọ̀ pé òun lè pàdánù ìbò nítorí rẹ̀. Wọ́n pa á ní oṣù kọkànlá. Òfin náà múlẹ̀ ní 1964.

Àwa náà ní tiwa. Owó orí tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí ará ìlú nínú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ 1954. Kò yẹsẹ̀. Ní oṣù kìíní 1955 àwọn ọmọ wọlé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí wa ti mọ̀wé, kí àwa tó di nọ́ọ̀sì ní Dublin.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọrọ ìbò wa, nílé tàbí níhìn-ín, ẹ jẹ́ ká bi í: kí lo máa ṣe fún ọmọ tálákà, bí yóò tilẹ̀ mú kí o pàdánù ipò?