Àgbẹ̀ Tí Ń Jagun: Ogun Ìlú Ifẹ̀ Láyé Kíríjì

Ní ọdún 1908, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn tí ó fínnúfíndọ̀ fẹ́ ṣe ọmọ-ogun, ṣùgbọ́n tí wọn kò fi iṣẹ́ òòjọ́ wọn sílẹ̀, jọ sábẹ́ àṣẹ kan. Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Kí òyìnbó tó dé, àgbẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn jagunjagun ìlú.

Ìdílé àti àdúgbò ni ogun fi ń jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, àdúgbò ńlá ni Ìrémọ, Ọbalùfẹ̀ sì ni olórí rẹ̀. Ẹni tí yóò rojú ogun ni yóò wá idà tàbí ọfà ara rẹ̀. Nígbà tí ìbọn dé, òun náà ni yóò ra ìbọn àti ẹ̀tù. Oúnjẹ rẹ̀ ń ti ilé wá. Kò sí owó oṣù, àfi ohun tí ó bá kan ènìyàn nínú ìkógun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ogun dùn jà, nítorí òjò a máa rin ẹ̀tù, odò a sì kún. Bí òjò bá ti dé, oko ń pe olóko nìyẹn.

Ìlànà yìí dára fún ogun oṣù díẹ̀. Ti Ìbàdàn yàtọ̀: àwọn ológun ibẹ̀ ní ẹrú púpọ̀ tí ń roko fún wọn, wọ́n sì lè pẹ́ lójú ogun. Ogun Kíríjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni ó dán gbogbo wọn wò. Ìbàdàn tẹ̀dó sí Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ tẹ̀dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Fábùnmi ti Òkè-Mẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé ti Iléṣà wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko! Ibùdó ogun di ìlú, ọjà ń ná níbẹ̀. Ta ni yóò tún pe irú ogun bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ní 1882 ni Ifẹ̀ dara pọ̀ mọ́ Èkìtìparapọ̀. Ìjà bẹ́ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ lọ́dún náà. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Modákẹ́kẹ́, ìlú Ifẹ̀ sì tú. Ọ̀pọ̀ sá lọ sí Ìṣọyà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ilé àti oko ni agbára ọmọ-ogun tí í ṣe àgbẹ̀: láti ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ibẹ̀ ni ó sì ń padà sí. Nígbà tí méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ ará Ìrémọ àti àwọn ará àdúgbò yòókù, ogun kò jẹ́ ohun tí ènìyàn ń lọ tí ó sì ń bọ̀ mọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé.

Ọọ̀ni tí wọ́n yàn, Dérìn Ọlọ́gbẹ́nlá, jagunjagun ni òun fúnra rẹ̀. Òkè-Igbó ni ó jókòó sí. Àdéhùn 1886 kò dá Ifẹ̀ padà sílé. Ní 1893, nígbà tí Gómìnà Carter tú ibùdó Kíríjì ká, tí Ìbàdàn àti Èkìtì ń lọ sílé wọn, Ìṣọyà ni àwọn ará Ifẹ̀ ṣì wà. Ọlọ́gbẹ́nlá kú ní 1894 láì wọ ààfin. Lábẹ́ Adélékàn Olúbùṣe, tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún náà, ni wọ́n tó padà wọ Ilé-Ifẹ̀.