Ọdún Tí Wọ́n Gba Abọ́ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Douala

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè pé ìgbà wo ni ìlera akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Douala bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì náà sílẹ̀ gan-an ni màá dárúkọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1993 ni ìjọba Kamẹrúùnù tún ètò yunifásítì rẹ̀ tò, tí ó di mẹ́fà: ti Yaoundé pín sí méjì, Buea, Dschang àti Ngaoundéré gba tiwọn, Douala náà sì gba tirẹ̀. Nínú àtúntò yẹn kan náà ni owó ìrànwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà dópin, tí ìjọba yọwọ́ nínú oúnjẹ àti ilé gbígbé wọn, tí owó ìforúkọsílẹ̀ sì di 50,000 fáráǹkì lọ́dún. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé yunifásítì kalẹ̀, wọ́n fi tòsì palẹ̀ abọ́ mọ́.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ọdún yẹn a máa kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ tàbí ti ọrọ̀ ajé. Èmi rò pé abẹ́ ìlera ló yẹ kó wà. Lóde òní, bí yunifásítì kan, yálà ní Douala tàbí ní Ìbàdàn, bá fẹ́ fi hàn pé òun bìkítà fún ara àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun, wọ́n á gbé pátákó sókè, wọ́n á pe nọ́ọ̀sì tó máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí àrùn éèdì, wọ́n á sì gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń wọn yẹn, oúnjẹ ló ti wá.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Láti 1962, Yaoundé nìkan ni yunifásítì wà ní Kamẹrúùnù. Ní 1977 ni wọ́n dá ibùdó ẹ̀kọ́ gíga mẹ́rin sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, Douala sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n yàn fún un: ESSEC ń kọ́ àwọn tó máa ṣòwò, ENSET ń kọ́ àwọn tó máa ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìdánwò àṣàyàn ni wọ́n fi ń wọlé, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ kò pọ̀. Ní Yaoundé ní tiẹ̀, ibi tí wọ́n kọ́ fún 5,000 akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba iye tó ju 40,000 lọ nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá ènìyàn méje gbé yàrá ẹni méjì rí mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí: ikọ́ ẹnì kan á di ti gbogbo yàrá, ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ á di ibi tí à ń tò sí láti ìdájí. Mi ò bá ìjọba wí pé wọ́n tú wọn ká. Ọwọ́ òfo tí wọ́n fi tú wọn ká ló ń dùn mí.

Ọdún náà kò sì rọgbọ fún àwọn òbí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gé owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1993, ní oṣù Kìíní àti ní oṣù Kọkànlá. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá oṣù Kìíní 1994, tí yunifásítì náà kò tíì pé ọmọ ọdún kan, fáráǹkì CFA pàdánù ìdajì iye rẹ̀. 50 ni wọ́n fi ń gba fáráǹkì Faransé kan tẹ́lẹ̀. Ó di 100 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ oògùn ti ń wá, nítorí náà oògùn ibà gbówó lórí nínú ìlú tí ibà kì í kúrò. Ṣáájú èyí, ní 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera Áfíríkà ti péjọ ní Bamako, wọ́n sì gbà pé kí ará ìlú máa san lára owó oògùn ní ilé ìwòsàn kéékèèké, kí oògùn má bàa máa tán nílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú èrò yẹn. Àmọ́ ẹ fi ara yín sípò ọmọ ogún ọdún kan tó wá láti Bafoussam: ó ti san owó ìforúkọsílẹ̀, ó ti san owó yàrá, wọ́n ti gé owó oṣù bàbá rẹ̀, ara rẹ̀ wá gbóná lóru. Oògùn ẹyọ méjì ló máa rà lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ rẹ̀ sẹ́bàá títì. Ọjà oògùn ẹ̀bá títì yẹn kò tíì kúrò ní Douala.

Àwa ará Nàìjíríà ti la irú rẹ̀ kọjá kó tó kàn wọ́n. Ní oṣù Kìíní 1948 tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, ibi tó ti jẹ́ ilé ìwòsàn ológun ní Eléyẹlé ni wọ́n kó wọn sí. Kenneth Mellanby tó jẹ́ ọ̀gá àkọ́kọ́ wọn, onímọ̀ nípa kòkòrò ni. Lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, ó ti ṣe ìwádìí lórí kúrúnà ní Sheffield, lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún un. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ẹni tó mọ̀dí ara yínyún ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé pọ̀.) Láyé ìgbà náà, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn ni wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ. Ìdí nìyí tí ìjà oúnjẹ fi máa ń gbóná. Ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ Zik Hall ló dá ìfẹ̀hónúhàn tí ọlọ́pàá fi yìnbọn pa Kunle Adepeju ní Ìbàdàn sílẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1971. Ní 1978, nígbà tí owó oúnjẹ ọjọ́ kan kúrò ní 50 kọ́bọ̀ tó di náírà kan àti 50 kọ́bọ̀, gbogbo ọgbà ló dà rú, wọ́n sì yìnbọn pa Akintunde Ojo ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun yọwọ́ nínú oúnjẹ náà.

Ní Ndogbong ní Douala, ilé aládàáni tí wọ́n ń pè ní mini-cité ló yí ọgbà ká: yàrá kéékèèké tó tò tẹ̀léra, ilé ìyàgbẹ́ àjùmọ̀lò, àti kànga kan. Òjò Douala ju ti Èkó lọ fíìfíì, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, omi kì í sì tètè wọlẹ̀. Ìlú náà rí àrùn onígbáméjì ní 2004, ó tún rí i ní 2011. Ẹni tó bá mọ bí ṣáláńgá ṣe súnmọ́ kànga tó ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ìdí. Ní ti oúnjẹ, àwọn obìnrin tó ń din púfúpúfú ló gba iṣẹ́ tí ìjọba gbé sílẹ̀. Láti kùtù ni ìkòkò ẹ̀wà wọn ti ń hó. Púfúpúfú, ẹ̀wà àti ògì gbígbóná ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, òun náà ni àwọn mìíràn fi ń sùn. Ẹ̀wà yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là ju pátákó lọ, èmi kò sì tíì rí ètò ìlera yunifásítì kankan tó dárúkọ àwọn obìnrin wọ̀nyẹn.

Ní oṣù Kẹrin 2005, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaoundé I bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó ràn dé àwọn yunifásítì yòókù. Wọ́n ní kí 50,000 fáráǹkì yẹn kúrò, kí ìgbé ayé àwọn sì sàn díẹ̀. Ní Buea, ìbọn pa akẹ́kọ̀ọ́. Owó náà kò kúrò. Ohun tí wọ́n rí gbà lẹ́yìn náà ni owó ẹ̀bùn fún àwọn tó bá ṣe dáadáa, nígbà tó sì di 2016, ìjọba kéde pé òun máa fún wọn ní kọ̀ǹpútà alágbèéká 500,000. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́; bóyá kọ̀ǹpútà nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ná owó ètò ìlera ọgbà yẹn fún ọdún kan, omi ẹ̀rọ tó mọ́ ni màá kọ́kọ́ fà dé ọ̀dọ̀ àwọn aládìn-ín púfúpúfú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa yẹ kànga mini-cité kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá dá, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Onílé tí omi rẹ̀ kò bá dára, kó má gba owó yàrá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí yóò fi tún un ṣe.