Kẹ̀kẹ́ Àkọ́kọ́ Ẹni Tí Owó Kò Pọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà lónìí láti ra kẹ̀kẹ́ eré ìje àkọ́kọ́ rẹ̀, irú èyí tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí ìwo àgbò, kò ní í pẹ́ rí i pé iye owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lè da omi tútù síni lọ́kàn. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa rò pé eré ọmọ olówó ni láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ọmọ tálákà wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbadé nínú eré náà, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ní kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ wọn yẹ ní mímọ̀.

Lóòótọ́, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ológeere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, olówó ló ń fi í ṣeré. Èyí tó gbòde ní àwọn ọdún 1870, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ga fíofío, ti ẹ̀yìn sì kéré; ẹni tó bá ṣubú lórí rẹ̀, orí ló máa ń fi lélẹ̀. Ní 1885 ni John Kemp Starley, ará ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí ti ẹ̀yìn. Ní 1888, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tó kọ́kọ́ ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ti di ohun tí ara gbà láti gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó rọrùn láti gùn, ọ̀tọ̀ ni ohun tó rọrùn láti rà.

Maurice Garin mọ èyí dáadáa. Ní Arvier, abúlé orí òkè kan ní Ítálì nítòsí ààlà ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n ti bí i ní 1871. Ó di ará ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ gbígbá ihò èéfín ilé onílé ló sì ń jẹ. Ìlú Maubeuge ló ń gbé ní nǹkan bí ọdún 1889 nígbà tó ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní fránkì 405. Ihò èéfín tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbá kí ó tó kó iye yẹn jọ kì í ṣe kékeré.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ sí ìdíje kan ní Avesnes-sur-Helpe, ìlú tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Wọ́n ní kò lè bá wọn díje, nítorí pé àwọn tó fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe nìkan ni àyè wà fún. Garin dúró títí gbogbo wọn fi gbéra, ó sì gbá tẹ̀ lé wọn. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ dé. Àwọn tó ṣètò ìdíje kọ̀ láti fún un ní fránkì 150 tó jẹ́ ẹ̀bùn ẹni tó borí. Àwọn òǹwòran bá dáwó láàárín ara wọn, wọ́n sì fún un ní 300.

Nígbà tí ìwé ìròyìn L'Auto dá ìdíje Tour de France sílẹ̀ ní 1903, ọ̀rọ̀ owó yìí kan náà ló kọ́kọ́ fẹ́ dí i lọ́wọ́. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀. Olóòtú rẹ̀, Henri Desgrange, dín owó ìforúkọsílẹ̀ kù láti fránkì 20 sí 10, ó sì ṣèlérí owó oúnjẹ òòjọ́. Ọgọ́ta ènìyàn ló gbéra ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje; mọ́kànlélógún péré ló parí ìrìn àjò kìlómítà 2,428. Garin ló gbégbá orókè. Ohun tó gbà lé ní fránkì 6,000, nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún iye tó fi ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́. Ó tún ṣíwájú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n wọ́n gba adé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó rú òfin ìdíje.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni Marshall Taylor gbà. Ọmọ adúláwọ̀ ni, ìlú Indianapolis ni wọ́n ti bí i ní 1878. Bàbá rẹ̀ ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún ìdílé aláwọ̀ funfun kan tó rí jájẹ, ìdílé náà ló sì fún ọmọ yìí ní kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ó fi kọ́ oríṣiríṣi àrà. Ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ kan gbà á síṣẹ́ láti máa gbálẹ̀, kí ó sì máa dá àrà níwájú ilé ìtajà nínú aṣọ sójà, láti ibi tó ti gba orúkọ “Major”. Dọ́là 6 lọ́sẹ̀ ni owó iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ kan tó tó dọ́là 35. Ní 1894, ẹgbẹ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ Amẹ́ríkà ṣòfin pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́ mọ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní Montreal, Taylor di aṣáájú gbogbo àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ orí pápá.

Ẹ jẹ́ kí á fi owó iṣẹ́ yẹn wọn ọjà ìgbà náà. Dọ́là 100 ni kẹ̀kẹ́ Columbia, tó lórúkọ jù ní Amẹ́ríkà, ní 1895: iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún fún ọmọ tó ń gba dọ́là mẹ́fà, bí kò bá tilẹ̀ jẹun. Ohun tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ wá ju olùrà lọ, iye owó sì já wálẹ̀. Bákan náà, àwọn olówó ń pààrọ̀ tiwọn bí tuntun ti ń jáde, àlòkù sì ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀nà àlòkù yìí kò tí ì dí, kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá tó mọ ọjà tòkunbọ̀ dunjú. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Kí ẹni tó ń ra àlòkù yẹ egungun rẹ̀ wò bóyá ó ti sán, kí ó gùn ún wò bóyá ó bá gíga òun mu, kí ó sì ṣẹ́ owó kù fún táyà, ṣéènì, bíréèkì àti akoto. Kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tí kò bá ara ẹni mu, ẹ̀yìn ríro ni yóò fi san oore. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Garin kò dúró de kẹ̀kẹ́ tó dára jù láyé, Taylor kò sì kọ èyí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Èyí tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n gùn, òun náà ló sì gbé wọn dé ibi tí èyí tó dára jù ti ń dúró dè wọ́n.