Póòpù Innocent Kọkànlá àti Ọ̀ràn Òwò Ẹrú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ìtàn Benedetto Odescalchi mu, ẹni tí a bí ní ìlú Como, ní ilẹ̀ Ítálì, ní ọdún 1611, tí ó sì di Póòpù ní ọdún 1676, tí ó ń jẹ́ Innocent Kọkànlá.

Inú gbèsè ni ó bá àpò ìṣúra. Láyé ìgbà náà, bí ẹnì kan bá di Póòpù, ọlà dé bá ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Innocent kọ̀ jálẹ̀: kò fi Livio, ọmọ arákùnrin rẹ̀, jẹ Kádínà, ó sì dín ìnáwó ààfin kù títí owó tí ń wọlé fi ká èyí tí ń jáde. Ó fẹ́ fi òfin de àṣà náà, ṣùgbọ́n àwọn Kádínà kò gbà. Ọdún 1692, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni òfin náà tó jáde.

Ibi tí ìtàn rẹ̀ ti kan àwa aláwọ̀ dúdú nìyí. Ní ọdún 1684, Lourenço da Silva de Mendouça, ọmọ ilẹ̀ Áńgólà tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọba, wá sí Róòmù láti ro ẹjọ́ àwọn ẹrú: a ti ṣe ìrìbọmi fún wọn, síbẹ̀ a so àwọn àti ọmọ wọn mọ́ ìgbèkùn títí ayé. Àwọn àlùfáà Capuchin náà bá a dá sí i. Ní oṣù Máàṣì ọdún 1686, ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ dájọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ra tàbí láti ta ẹni tí a fi ipá tàbí ẹ̀tàn mú, àti pé kí a tú irú wọn sílẹ̀, kí a sì san ẹ̀san fún wọn.

Ta ni yóò mú un ṣẹ? Àwọn ọba Potogí àti Sípéènì ni wọ́n ní àṣẹ lórí ìjọ ní òkè òkun wọn, òwò ẹrú sì ń mú èrè wá. Ìdájọ́ náà kò dá ọkọ̀ kan dúró. Ní ọdún 1821, ọdún 135 lẹ́yìn rẹ̀, ni a kó Àjàyí Crowther ní Òṣóògùn, tí a sì tà á fún àwọn Potogí ní Èkó. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó tán ní Bràsíl.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ń wọn iṣẹ́ alátùn-únṣe, kí a má wo àṣẹ tí ó pa nìkan. Kí a bèèrè ọwọ́ tí yóò mú un ṣẹ. Kí a má sì gbàgbé Lourenço: ó ti ro ẹjọ́ náà ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí Wilberforce tó gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.