Ta Ló Gbà Kí Aláìsàn Ọkàn Sáré?

Lónìí, bí ẹni tí wọ́n ti la àyà rẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn bá wọ ẹ̀wù pupa British Heart Foundation, tó ń sá máratọ́ọ̀nù Lọ́ńdọ̀nù láti fi wá owó fún àjọ náà, ìgboyà rẹ̀ ni àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ títì ń pàtẹ́wọ́ fún. Ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló la ọ̀nà. Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, aláìsàn tó bá gbójú gbóyà báyẹn, dókítà rẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ dì í mú. Lójú tèmi, eré àwọn tó ye àrùn ọkàn ti jẹ́ ẹ̀rí nínú àríyànjiyàn àwọn oníṣègùn kó tó di ọ̀nà ìkówójọ, ẹ̀rí yẹn náà ló sì jẹ́ kí ìkówójọ ọ̀hún lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èèwọ̀ àtijọ́ náà ní ìdí. Ní 1939, dókítà ọkàn Paul Dudley White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston yẹ ọkàn àwọn tí àrùn ọkàn ti pa wò, wọ́n sì rí i pé egbò inú ẹran ọkàn a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jiná. Ìwádìí náà fi òǹtẹ̀ lu òfin ibùsùn. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà; nọ́ọ̀sì ni yóò fi ṣíbí bọ́ ọ, nọ́ọ̀sì ni yóò wẹ̀ fún un, wọ́n á máa gbé póò sí i lábẹ́. Bó bá padà délé, àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ á di ohun ẹ̀rù. Ó jọ ọgbọ́n: ta ni yóò ní kí ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ náà rìn? Àmọ́ ọkàn kì í sinmi bí ẹsẹ̀. Ibùsùn pàápàá ní oró tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ pẹ́ a máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀, èyí tó bá já níbẹ̀ sì lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, kó pa á. Ní 1952, àwọn dókítà Samuel Levine àti Bernard Lown, ní Boston kan náà, ròyìn aláìsàn 81 tí wọ́n tètè gbé kúrò lórí ibùsùn sórí àga, tí jàǹbá tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rù kò sì ṣẹlẹ̀. Nígbà tí àrùn náà kọlu Ààrẹ Eisenhower ní Denver ní 1955, White yìí náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè, òun ló sì gbà pé ọkùnrin náà lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ ni Amẹ́ríkà tún dìbò yàn án. (Oníṣègùn William Heberden ti sọ ọ́ tipẹ́, nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní 1802 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé aláìsàn kan tó ń fi ayùn rẹ́ igi fún ààbọ̀ wákàtí lójoojúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbádùn tán. Ó jọ pé àwọn tó ka ìwé náà fo ojú ibẹ̀.)

Ìjókòó yàtọ̀ sí eré. Ní 1953, olùwádìí Jerry Morris fi hàn pé àwọn kọ̀ńdọ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn sókè sódò láti gba owó ọkọ̀, kì í ní àrùn ọkàn tó àwọn awakọ̀ tó jókòó síwájú. Èyí kan ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le o. Ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ní àpá ńkọ́? Dókítà Terence Kavanagh, ní Toronto Rehabilitation Centre, ló wá dáhùn. Ìrìn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: aláìsàn á rin ìwọ̀n ọ̀nà kan, á dúró, á fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́, á ka ìlù ọkàn rẹ̀. Bí iye náà kò bá kọjá ibi tí àyẹ̀wò ti fi ààlà sí, wọ́n á fi díẹ̀ kún ọ̀nà tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú àkókò, títí ìrìn á fi di sísá. Nígbà tó di oṣù kẹrin 1973, díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn rẹ̀, tí wọn kò pé mẹ́wàá, wà lójú ọ̀nà tó ti Hopkinton lọ sí Boston, nínú máratọ́ọ̀nù tó lé ní kìlómítà 42. Inú ìlú tí ìwádìí 1939 ti jáde náà ni wọ́n sáré wọ̀. White kú ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà.

Ẹnì kan lè ní èèyàn tí kò pé mẹ́wàá kì í ṣe ẹ̀rí, pé àwọn tó le jù ni wọ́n ṣà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣà wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé ọkàn tó ti lápàá kò lè gbà á láéláé, ẹnì kan ṣoṣo sì tó láti bi “láéláé” ṣubú. Bóyá eré ìdárayá ń fi kún ẹ̀mí, ìyẹn gba ẹ̀rí mìíràn, ó sì dé ní 1989, nígbà tí wọ́n pa ìwádìí 22 pọ̀, tó kan aláìsàn tó lé ní 4,500: ikú fi nǹkan bí ìdá márùn-ún dín kù láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú tó ní eré ìdárayá nínú. Àtakò tó le jù ni ti Jim Fixx, tí ìwé rẹ̀ mú ọ̀pọ̀ èèyàn Amẹ́ríkà jáde sáré, tó sì kú lẹ́nu eré ní Vermont ní 1984, ní ẹni ọdún 52. Ta ló pa á? Àwọn iṣan ọkàn rẹ̀ ti dí; àrùn ọkàn ti ṣe bàbá rẹ̀ náà, ọmọ ọdún 43 ni bàbá náà nígbà tó kú. Dókítà Kenneth Cooper sì sọ pé òun ní kó wá ṣe àyẹ̀wò ọkàn, ó kọ̀. Ikú Fixx dá Thomas Bassler lẹ́bi, ẹni tó ń polongo pé iṣan ọkàn ẹni tó bá lè sá máratọ́ọ̀nù kò ní dí; Tim Noakes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti já a ní irọ́ láti 1979. Ikú náà kò dá Kavanagh lẹ́bi, ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré láìwọ̀n ọkàn rẹ̀.

Wọ́n tún ní ìrìn kíákíá tó fún ọkàn, kí wá ni ti kìlómítà 42? Mo gbà. Nítorí àwọn òǹwòran ni ọ̀nà náà ṣe gùn tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, níwọ̀n bí ìmọ̀ tó gbé aláìsàn dìde ti ń náni lówó. White wà lára àwọn tó dá American Heart Association sílẹ̀ ní 1924. Àwọn dókítà ló dá British Heart Foundation sílẹ̀ ní 1961, kí wọ́n lè rówó ṣèwádìí. Agbábọ́ọ̀lù Nwankwo Kanu kò tilẹ̀ nílò máratọ́ọ̀nù. Ní 1996 ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ní Inter Milan fi àbùkù ọkàn rẹ̀ hàn. Nígbà tó dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀ ní 2000, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dáwó fún iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń wọ pápá fún Arsenal.